Gééjì Kò Ní Àárín

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, obìnrin tó ń to bẹ́ẹ̀dì gun àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún wá sí yàrá òkè tí mo ti ń ya àwòrán. Ìyá Ìbejì là ń pè é. Ó gbé irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò sórí tábìlì mi, ó sì gbé píìnì kan tì í.

"Ayàwòrán, ẹ bá mi fi èyí sínú èyí."

Mo fi sí i. Kò wọlé. Mo yí píìnì náà padà, mo fi orí kejì sí i. Kò wọlé.

"Ẹ ti fi òòlù gbá a?"

"Mo gbá ọ̀kan. Ó wọlé."

"Ó dára nígbà náà."

"Kò dára. Kò yí mọ́. Bẹ́ẹ̀dì yẹn wà nísàlẹ̀ báyìí, ibi ìgbórílé rẹ̀ nàró, kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Aláìsàn tí wọ́n bá gbé sórí rẹ̀, ìjókòó ló máa wà títí wọ́n á fi ní kó máa lọ sílé."

"Mélòó lẹ ti gbìyànjú?"

"Ogójì. Mẹ́ta péré ló wọlé láìfi òòlù. Mẹ́ta yẹn ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ojú mi ló ń ṣe mí."

Ilé ìwòsàn kan ló ní kí a ṣe ẹgbẹ̀rún kan bẹ́ẹ̀dì fún òun. Bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan gba píìnì mẹ́rin, níbi tí ibi ìgbórílé ti ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin píìnì ti wà nínú àpótí, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ihò sì ti wà lára irin. Èmi ni mo ya àwòrán méjèèjì. Iṣẹ́ yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n yà láìsí ẹni tó dúró lẹ́yìn mi.

Kò sí ẹni tó lè gé irin ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kí gbogbo wọn rí bákan náà gẹ́lẹ́. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ kì í mú títí, irin máa ń gbóná, ebi sì máa ń pa ẹni tó ń gé e. Nítorí náà, ẹni tó ń ya àwòrán kì í kọ ìwọ̀n kan ṣoṣo. Méjì ló ń kọ: èyí tó tóbi jù tí òun lè gbà, àti èyí tó kéré jù. Ohun tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì ti dára. Ààyè là ń pe àlàfo yẹn, irun la sì fi ń kà á. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, irun kan jẹ́ ìdá kan nínú rẹ̀. Irun orí gan-an nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti wọn tèmi, ó tó irun méje.

Mo kọ ọ́ sórí àwòrán pé kí píìnì má ju mìlímítà méjìlá lọ, kó má sì fi ju irun márùn-ún dín sí i. Mo kọ ọ́ pé kí ihò má kéré sí mìlímítà méjìlá, kó má sì fi ju irun márùn-ún lé e. Lójú tèmi, píìnì á wà láàárín ààyè tirẹ̀, ihò á wà láàárín tirẹ̀, irun márùn-ún á sì ṣẹ́ kù fún gíríìsì. Bí olùkọ́ wa ṣe fi yé wa nílé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ó ya òkè kan sójú pátákó, ó ní bí ènìyàn bá ṣe nǹkan kan náà púpọ̀púpọ̀, ìwọ̀n wọn á kó jọ sáàárín bí òkè yẹn, díẹ̀ ló máa bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́fà àti oṣù méjì ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ náà. Bẹ́ǹṣì tí mo máa ń jókòó lé ní ìṣó kan tó yọrí lápá òsì. Ṣòkòtò mẹ́rin ló fà ya fún mi. Mo gba òkè yẹn gbọ́.

Mo kó píìnì àti irin náà, mo lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Olórí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń pè é ní Ìyá Gééjì, nítorí irin kékeré olórí méjì tó fi ń yẹ iṣẹ́ wò kì í kúrò lápò rẹ̀. Ti ihò rọrùn: orí kan gbọ́dọ̀ wọlé, orí kejì kò gbọdọ̀ wọlé. Bí àkọ́kọ́ kò bá wọlé, ihò ti kéré jù. Bí èkejì bá wọlé, ó ti tóbi jù. Ó ní irú rẹ̀ fún píìnì náà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè lò ó, ẹni tó sì mọ̀wé kò lè bá a jiyàn.

Mo tẹ̀ ba, ìwọ̀n tí ènìyàn lè tẹ̀ ba fún àna rẹ̀ níbi iṣẹ́ láìdínà mọ́ ẹni tó ń ti ẹrù kọjá.

"Ẹ káàárọ̀ ma."

"Ọkọ àbúrò mi. Kí lo gbé dání?"

"Píìnì tí kò wọ ihò ni ma."

Ó gbà wọ́n. Ó fi gééjì kan píìnì. "Píìnì dára." Ó fi gééjì kejì kan ihò. "Ihò náà dára."

"Wọn kò wọ ara wọn ma."

"Ìyẹn kò sí lára ohun tó o ní kí n yẹ̀ wò." Ó yíjú sí àwòrán mi tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó gbé ojú gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Níbo lo kọ ọ́ sí pé kí wọ́n wọ ara wọn?"

"N kò kọ ọ́ ma."

"Òǹtẹ̀ mi wà lórí gbogbo àpótí. Ó hàn kedere, mi ò sì ní pa á rẹ́."

Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn, òun ló mú ọwọ́ mi wò níwájú gbogbo ẹbí. Òróró dúdú wà lábẹ́ èékánná mi. Ó ní, "Èyí máa ń ṣí ni, àbí bó ṣe máa wà nìyẹn?" Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kúrò nídìí ẹ̀rọ tí mo bọ́ sí yàrá òkè, ó wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Mo gbà á bí ìyìn. Oṣù mẹ́wàá ni mo tíì lò lókè nígbà tí ọ̀rọ̀ píìnì yìí ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá àgbà pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kì í pariwo. Ó ní bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kí oṣù tó parí, àti pé òun fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é.

"Tó bá jẹ́ píìnì, ẹni tó gé e máa lọ sílé. Tó bá jẹ́ ihò, ẹni tó lu ú máa lọ. Tó bá jẹ́ àwòrán," ó wò mí, "tábìlì kan á ṣófo lókè, ìwọ á padà sídìí ẹ̀rọ tí mo ti mú ẹ. Ìwọ ni kó o wádìí rẹ̀. Kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ gbà á."

"Èmi ni kí n wádìí ara mi, sà?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo mọ ìṣirò níbí ni?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú igba píìnì àti igba ihò láìṣà wọ́n, mo sì fi irinṣẹ́ tó ń ka irun wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Gééjì jókòó tì mí láti rí i pé n kò kó àpótí òun dàrú. Mo ya ìlà sórí ìwé, mo ń fi àmì kan síbi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń retí ni òkè. Nínú igba píìnì, igba ó dín mẹ́rìnlá ló wà ní irun àkọ́kọ́, níbi tí píìnì ti tóbi jù. Ti ihò kò yàtọ̀, àfi pé ibi tí ihò ti kéré jù ni tiwọn. Àmì kún orí ara wọn bí èrò tó sá fún òjò sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan. Àárín ṣófo.

"Wọ́n kọjá ààlà?" Ìyá Gééjì béèrè.

"Rárá ma. Ẹyọ kan kò kọjá."

"Ó tán."

"Kò tán ma. Etí ààlà ni gbogbo wọn dúró sí, wọ́n sì kọjú síra wọn."

"Ẹni tó bá dúró sétí ààlà, inú ilé rẹ̀ ló ṣì wà," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to píìnì rẹ̀ padà sínú àpótí.

Ọjọ́ kejì ni mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Bọ̀dá Ṣọ́ra, tó gé píìnì. Òun ló wà nídìí ẹ̀rọ kẹta láti ọjọ́ tí mo ti mọ ilé iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ náà á máa yí irin, òun á máa sún ọ̀bẹ mọ́ ọn títí yóò fi tín-ín-rín dé ìwọ̀n. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ kẹrin. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́.

"Ọ̀mọ̀wé, o ti rántí ọ̀nà ìsàlẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o wá lé mi lọ ni?"

"N kò tíì mọ̀."

"Bó o bá ti mọ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun ọ̀sán. Mi ò lè fi ebi gba lẹ́tà."

Mo fi ìwé tí mo fi àmì sí hàn án. Ó wò ó, kò yà á lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ààyè irun márùn-ún ni mo fún yín. Kí ló dé tí ẹ kò lò ju ẹyọ kan lọ?"

Ó pa ẹ̀rọ. "Irin tó bá sanra, mo lè dá a padà sẹ́nu ọ̀bẹ kí n tún un gé. Èyí tó bá ti tín-ín-rín jù ńkọ́? Ta ló máa bá mi fi irin kún un? Ìwọ?"

"Kò sẹ́ni tó lè fi kún un."

"Bó bá ti dé ibi tí gééjì Ìyá Gééjì gbà á, mo dúró. Mi ò wá wàhálà kún tilé. Ẹni tó ń lu ihò náà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yí padà ni: ihò tó kéré ló ṣeé fẹ̀. Èyí tó bá ti fẹ̀ jù, kò sí àdúrà tó máa mú un kéré." Ó fi ẹnu júwe pátákó tó wà lára ògiri, tí wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ orúkọ ẹni tó bá ba irin jẹ́. Orúkọ náà á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àlejò tó bá wọlé á kà á. Tèmi ti wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kẹta bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi wá wò mí níbi iṣẹ́.

"Ìwọ ńkọ́," ó ní, "nígbà tó o wà ní ẹ̀rọ kẹrin, níbo lo máa ń dúró sí?"

Ó mọ̀. Irun àkọ́kọ́ ni. Fún ọdún mẹ́sàn-án, n kò fi ìfẹ́ inú mi kọjá irun àkọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni mo gun àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún, mo sì lo oṣù mẹ́wàá níbẹ̀, mò ń ya àwòrán fún àwọn tó máa ń dúró sáàárín. N kò tíì pàdé ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Kí lo fẹ́ kọ sínú ìwé yẹn?"

"Mo lè kọ ọ́ pé ẹ kò dúró sáàárín."

"O lè kọ ọ́."

"Òótọ́ sì ni."

"Òótọ́ ni," ó ní, ó sì tan ẹ̀rọ padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi, ó sì jókòó láìjẹ tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi pè mí," ó ní. "Wọ́n ní òǹtẹ̀ àwọn kò lẹ́bi."

"Kò lẹ́bi."

"Tiyín ńkọ́?"

Mo jẹun díẹ̀. "Aṣọ iṣẹ́ mi àtijọ́ yẹn, ibo ló wà?"

"Mo ti gé e. Òun la fi ń nu ilẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Èèyàn kì í kàn béèrè aṣọ iṣẹ́." Ó wò mí títí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fọ aṣọ náà, ó máa ń gbé omi òróró rẹ̀ lọ dà sẹ́yìn ilé lọ́tọ̀ kó má ba gọ́tà jẹ́. "Ẹlòmíì wà tó lè gba ẹ̀bi yẹn?"

"Ó wà."

"Ó tọ́ sí i?"

"Díẹ̀."

"Ẹ jẹun," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ béèrè aṣọ tuntun, kó yó kó tó béèrè."

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Bọ̀dá Ṣọ́ra dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ìyá Gééjì nìkan ló jókòó, nítorí kò sí ẹni tó lè ní kó dìde. Mo ka ìwé mi. Ìlà mẹ́ta ni: Kò sí píìnì tó burú. Kò sí ihò tó burú. Àwòrán ló gba píìnì tó tóbi jù láyè láti bá ihò tó kéré jù pàdé, kò sì fi nǹkan kan sáàárín wọn.

"Ìwọ nìyẹn," ọ̀gá àgbà wí.

"Èmi ni sà."

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti ń retí ìdáhùn tí kò ní jẹ́ kó wá ayàwòrán mìíràn. Ó gbé pẹ́ńsù rẹ̀ yí lórí tábìlì.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Bí a bá kọ ọ́ sórí àwòrán pé kí wọ́n máa dúró sáàárín ńkọ́? Ẹni tí kò bá dúró síbẹ̀ ló jẹ̀bi, àwòrán kò jẹ̀bi. Ó sì yẹ kí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀." Kò wo Bọ̀dá Ṣọ́ra. Kò sí ẹni tó wò ó. "Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ayàwòrán? Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ká máa lọ."

Mo rí tábìlì mi lọ́kàn, rúlà tó wà lórí rẹ̀, fèrèsé tó wà lápá ọ̀tún. Ọdún mẹ́fà àti oṣù méjì.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sà. Mo ti fún wọn láàyè irun márùn-ún, mo ní gbogbo rẹ̀ ló dára. N kò lè tún sọ pé ẹni tó dúró nínú ohun tí mo ní ó dára ti ṣẹ̀."

Ìyá Gééjì ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ gééjì rẹ̀, ó gbé e ka iwájú ọ̀gá àgbà.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wo èyí. Orí méjì ló ní. Kò ní àárín. Tí ẹ bá ní kí wọ́n dúró sáàárín, kí lẹ fẹ́ kí n fi mọ̀ pé wọ́n dúró síbẹ̀? Ojú?"

Ọ̀gá àgbà gbé gééjì náà, ó wo orí kan, ó wo orí kejì, ó sì wo àárín, níbi tí ènìyàn ti ń dì í mú.

"Kí la máa wá ṣe?"

"Kí píìnì máa fi irun márùn-ún dín sí méjìlá, ó kéré tán," mo ní, "kó má sì fi ju mẹ́wàá lọ. Ihò kò ní yí padà. Bí àwọn méjèèjì bá tún dúró sétí ààlà, wọ́n á ṣì wọ ara wọn. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ kò ní ṣòfò, a ó tún wọn gé ni."

"Ta ló máa gé e? Ẹ̀rọ kẹta ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́nu. Ẹ̀rọ kẹrin nìkan ló ṣófo."

Mo ká ìwé mi sínú àpò.

"Mo mọ̀ ọ́n lò sà," mo ní.

"Lọ ya àwòrán tuntun yẹn. Lẹ́yìn náà kó o sọ̀kalẹ̀."

"Fún ìgbà wo sà?"

"Mi ò tíì sọ."

Bọ̀dá Ṣọ́ra dé fìlà rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ó ní òun ti fi aṣọ sórí ẹ̀rọ kẹrin nígbà tí mo lọ, kí eruku má bà á jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi gé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin píìnì. Nígbà tí mo gbé èyí àkọ́kọ́ sẹ́nu ọ̀bẹ, mo pinnu pé èmi, ó kéré tán, máa dúró sáàárín, nítorí èmi ni mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo gé e, mo wọ̀n ọ́n. Irun àkọ́kọ́ ni. Mo gé èkejì. Irun àkọ́kọ́. Ìyá Gééjì wá nígbà tó yá, ó mú ogún, ó wọ̀n wọ́n, ó sì gbójú sókè.

"Tìẹ náà, etí ni gbogbo wọn wà."

"Mo mọ̀ ma. Mo sọ fún ọwọ́ mi, kò gbà."

"Wọ́n ń wọlé ṣá?"

"Ẹ bi Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì wà lápá kejì. Ó gbé ibi ìgbórílé bẹ́ẹ̀dì tó wà níwájú rẹ̀ sókè, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tún gbé e sókè, ojú rẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún náà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, mo dé ibi iṣẹ́ láìmọ ibi tí ó yẹ kí n lọ. Mo dúró sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọkùnrin méjì ń gbé tábìlì mi sọ̀kalẹ̀ bọ̀, Ìyá Gééjì ń rìn níwájú wọn, ó ń ka àtẹ̀gùn fún wọn. Wọ́n gbé e sáàárín ẹ̀rọ kẹta àti ẹ̀rọ kẹrin.

"Ta ló ní kí wọ́n gbé e ma?"

"Ọ̀gá ni. Èmi ni mo ní kó sọ ọ́. Mo sọ fún un pé láàárín oṣù mẹ́wàá péré lo ti gbàgbé ohun tó o fi ọdún mẹ́sàn-án mọ̀. Ó fẹ́ mú ẹlòmíì wá. Mo ní ẹni yẹn kò tiẹ̀ ní nǹkan tó máa gbàgbé."

"Ṣé ayàwòrán ni mí ma, àbí ẹni tó ń gé irin?"

"Tábìlì rèé. Ẹ̀rọ rèé. Ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá, tábìlì sì ni wọ́n gbé e tì."

Iṣẹ́ tó kàn ni irin tó ń gba àárín táyà bẹ́ẹ̀dì kọjá. Mo yà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, tábìlì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí. Nígbà tó kan ibi tí a ń kọ ìwọ̀n sí, mo gbé pẹ́ńsù sókè, mo sì kígbe nítorí ariwo.

"Ẹ̀gbọ́n! Èyí ńkọ́, níbo lẹ máa dúró sí?"

Bọ̀dá Ṣọ́ra pa ẹ̀rọ, ó wá dúró lórí mi. Ó wò ó pẹ́. Ó ní irin náà gùn, pé yóò máa tẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, nítorí náà òun á dúró ní irun kejì, kì í ṣe àkọ́kọ́. Ó fi ìka rẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè dá mi lójú. Mo mọ ọwọ́ wa, nítorí náà mo kọ ìwọ̀n náà bí ẹni pé irun àkọ́kọ́ ló máa dúró sí, mo sì rán àwòrán lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Ìyá Gééjì dá a padà ní ọjọ́ kejì. Ó ní òun ti yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò, ó wọlé, ṣùgbọ́n kí n tún un yà. Ẹnìkan ti fi ìka tó lóròóró tẹ̀ ẹ́.